Ẹ̀KỌ́: ÌBÁWÍ ÌJỌBA ÀTI ÌKÓRÌÍRA ÀWỌN JÚÙ

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tí ó sì yẹ kí a yà sọ́tọ̀: bíbá ìjọba Ísírẹ́lì wí, àti kíkórìíra àwọn Júù.

Èkíní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Wòlíì Nátánì bá Dáfídì ọba wí lójú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀tá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ísírẹ́lì fúnra wọn tú sí ìgboro ní Tel Aviv, láti tako òfin tí ìjọba wọn fẹ́ fi dín agbára àwọn adájọ́ kù. Bí ẹnì kan bá wí pé ìjọba náà ṣe àìtọ́ sí àwọn ará Palẹstínì, ẹ̀rí ni kí a fi dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí kò yẹ ẹ̀rí náà wò, tí ó kàn sáré pè é ní akórìíra Júù, ó pa olùfisùn lẹ́nu mọ́ láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi ni èkejì. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 2012, ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ó sì yìnbọn pa olùkọ́ 1 àti ọmọdé 3. Ó ní òun ń gbẹ̀san àwọn ọmọ Palẹstínì ni. Àwọn ọmọdé wọ̀nyí kò dìbò, wọn kò gbé ìbọn; pé Júù ni wọ́n nìkan ni ẹ̀sùn wọn.

Báwo ni a ó ṣe mọ ààlà náà? Kí a bi ara wa léèrè: Ṣé ìjọba tí ó ṣe ìpinnu ni à ń bá wí, tàbí gbogbo Júù níbi gbogbo? Ṣé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìjọba mìíràn ni a lò? Ṣé ohun tí ojú rí ni à ń sọ, tàbí irọ́ àtijọ́ pé àwọn Júù ń dìtẹ̀ láti gba ayé, irú èyí tí a tẹ̀ jáde ní Rọ́ṣíà ní 1903, tí ìwé ìròyìn The Times sì tú àṣírí rẹ̀ ní 1921?

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí gbogbo rẹ̀. Àlàyé tí àjọ IHRA gbé kalẹ̀ ní 2016 àti Ìkéde Jerúsálẹ́mù ti 2021 yàtọ̀ síra. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé a lè bá ìjọba náà wí bí a ti ń bá òmíràn wí, àti pé a kò gbọdọ̀ di ẹrù rẹ̀ lé gbogbo Júù lórí. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá wí pé, “Àwọn Júù ni wọ́n ṣe é,” ẹ fi sùúrù bi í pé, “Ta ni nínú wọn?”