Ẹ Má Fojú Kéré Orí Sprinkler Tó Fọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti ra ilé sí Houston, Katy, Sugar Land tàbí àyíká Dallas, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Orí sprinkler, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko, tó fọ́ níwájú ilé yín, tí ẹ ti ń wò láti oṣù tó kọjá, tí ẹ ń sọ pé ẹ máa tún un ṣe tó bá yá, ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe nítorí ẹwà ilé ni mo ṣe ń pariwo. Nítorí omi tí àwọn ọmọ yín ń bù mu nílé ìdáná ni.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ wa ò dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń fọ́n omi sí koríko. Lọ́hùn-ún nílùú wa, koríko tó bá hù, àdá ni a fi ń dá a lóhùn. Òjò ló ń rin ín, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀. A dé Amẹ́ríkà, a ra ilé, sprinkler bá ilé wá, ẹni tó ta ilé ò sì ṣàlàyé ju pé àpótí kékeré kan wà nínú gáréèjì tó ń tan omi, tó ń pa á. Àpótí yẹn ń tan omi ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí gbogbo ilé ń sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, koríko ti fa omi mu, oòrùn Texas á sì gbẹ èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni orí tó fọ́ ṣe lè máa tú omi dànù fún oṣù mẹ́ta láìsẹ́ni tó rí i, àfi ìgbà tí bíìlì omi bá dé tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ jà pé wọ́n ń pẹ́ jù nílé ìwẹ̀.

Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré. EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ti ṣírò rẹ̀ pé ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1/32 íńṣì lára irú ẹ̀rọ yìí lè fi nǹkan bíi 6,300 gálọ́ọ̀nù omi ṣòfò láàárín oṣù kan. Ihò tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nìyẹn. Ti orí tí ẹ̀rọ ìgékoríko gé kúrò pátápátá wá ńkọ́? Ilẹ̀ Houston àti Dallas sì jẹ́ ilẹ̀ amọ̀ tó ń wú tó bá mu omi, tó ń súnkì tó bá gbẹ. Tí omi bá ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ilé lójoojúmọ́, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ, ìpìlẹ̀ á máa gòkè níbì kan, á máa rì níbòmíràn, ògiri á sán, ilẹ̀kùn á kọ̀, kò ní padé mọ́. Iye tí wọ́n fi ń tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe, ẹ bi àwọn tó ti san án rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí owó, nítorí ohun tó mú mi kọ̀wé yìí jù ú lọ.

Páìpù tó ń gbé omi lọ sí koríko àti èyí tó ń gbé e wá sílé ìdáná, ọmọ ìyá ni wọ́n. Láti ara páìpù ńlá ìlú tó wà lábẹ́ títì ni àwọn méjèèjì ti ń gba omi. Agbára tí ìlú fi ń ti omi ló ń mú un sáré wá sílé wa, tí kì í fi í padà sẹ́yìn. Àmọ́ agbára yẹn máa ń já wálẹ̀ nígbà mìíràn. Páìpù ńlá lè bẹ́ ní òpópónà kejì. Àwọn panápaná lè ṣí ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ títì láti fi pa iná ilé kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi tó ń bọ̀ lè yí padà, páìpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sínú, bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa mínírà.

Ẹ wáá wo ohun tó wà lẹ́nu páìpù koríko. Orí tó fọ́ kò lè dìde mọ́. Inú kòtò kékeré ló jókòó sí, omi dídọ̀tí yí i ká. Inú omi yẹn ni ajílẹ̀ tí ẹ fọ́n sí koríko wà, pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, oògùn èèrà àti ìgbẹ́ ajá aládùúgbò. Tí agbára omi bá já lásìkò tí sprinkler ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí fáàfù tó yẹ kó sé omi kò bá sé e dáadáa mọ́, gbogbo ẹ̀gbin yẹn ti rí ọ̀nà wọ inú omi ilé yín, àti ti aládùúgbò pẹ̀lú.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bani lásán. Ní Chicago lọ́dún 1933, nígbà tí èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀ wo ìpàtẹ àgbáyé, páìpù tí kò dára ní òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ kí omi ẹ̀gbin dàpọ̀ mọ́ omi mímu. Àrùn ìgbẹ́ ọ̀rìn ló tẹ̀ lé e, ó sì pa ènìyàn 98. Ní Texas wa níbí, ní December 2016, àwọn aláṣẹ Corpus Christi kéde pé kí ará ìlú má ṣe lo omi ẹ̀rọ rárá, nítorí wọ́n ní kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ọ̀dà ojú títì lè ti gba páìpù ilé iṣẹ́ kan padà wọ inú omi ìlú. Ìlú tó ní nǹkan bíi 300,000 ènìyàn, omi inú ike ni wọ́n ń tò lọ rà, títí tí wọ́n fi tú òfin náà ká lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe sprinkler ló fa èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹ̀gbin máa ń gbà wọlé ni mo fi ń hàn yín, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sì wà níwájú ilé yín.

Ohun tó dínà yẹn ni wọ́n ń pè ní backflow preventer. Ẹ jáde lọ wò ó lónìí. Ó lè jẹ́ ohun èlò idẹ tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ní ọwọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣí i, tí wọ́n fi ń tì í. Ó sì lè wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Òfin Texas ni pé sprinkler tó bá ń gba omi lára omi mímu gbọ́dọ̀ ní in. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní pressure vacuum breaker gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 12 íńṣì ga ju orí sprinkler tó ga jù lọ nínú ọgbà, nítorí náà ẹ má ṣe kó iyẹ̀pẹ̀ tàbí òdòdó bò ó nítorí pé ojú rẹ̀ ò dára. Tí òtútù bá sì ti sán an, tí òṣìṣẹ́ kan wá ní òun á gé e dànù, òun á fi páìpù lásán so ibẹ̀ pọ̀ kí owó lè dínkù, ẹ má gbà fún un. Ẹ ní kó máa lọ. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ẹ pè, ẹ má sì gbà á gbọ́ títí yóò fi fi ìwé náà hàn yín.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí koríko wàyí. Ẹ yan Sátidé kan, ní ọ̀sán gangan, kí ẹ tan apá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì máa rìn tọ̀ ọ́. Orí tí kò bá dìde, tàbí tó ń fọ́n omi sí títì, ẹ fi igi kékeré sàmì sí i. Tí omi bá ń jáde bí èéfín dípò kó máa kán, agbára omi ti pọ̀ jù. Nǹkan bíi 30 psi ló tó orí kékeré tí kì í yí. Lẹ́yìn náà ẹ pa gbogbo rẹ̀, kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Ẹ lọ dúró ti orí tó wà ní ìsàlẹ̀ jù lọ. Tí omi bá ṣì ń sun níbẹ̀, tí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ láé, kì í ṣe orí yẹn ló ni ẹ̀bi: fáàfù ni kò sé mọ́, bóyá iyanrìn há sí i, bóyá rọ́bà inú rẹ̀ ti ya. Fáàfù tí mo mẹ́nu bà lókè nìyẹn. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó kan orí tó fọ́ gan-an.

Láti fọ orí tí ìdọ̀tí di, ẹ ti omi pa ná. Ẹ fa ọ̀pá inú rẹ̀ sókè, ẹ dì í mú ṣinṣin nítorí sípíríǹgì, kí ẹ tú ẹnu rẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹnu náà. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀, yóò fẹ̀. Ẹ má fi gíríìsì pa á, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì gé rọ́bà tó yí ọ̀pá ká. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ orí, irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá da èyí tó ń yí pọ̀ mọ́ èyí tí kì í yí ní apá kan náà, ibì kan á rẹ sínú omi, ibì kan á gbẹ. Ojú orí náà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Tó bá yọ sókè, ẹ̀rọ ìgékoríko á gé e, ọmọdé tó ń sáré á sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Tó bá rì, koríko á gbé e mì. Òrùka kọnkéré tí wọ́n ń tà fún un kò wọ́n, ẹ ra á, kí ẹ sì bá àwọn tó ń bá yín gé koríko sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Àwọn náà kì í mọ̀ọ́mọ̀; koríko ló bò ó.

Ohun mìíràn tún wà: omi tó bá dúró sídìí orí tó fọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tó fún ẹ̀fọn láti dàgbà. Ẹ̀yin ará Dallas kò ní gbàgbé 2012, nígbà tí ibà West Nile tí ẹ̀fọn ń tàn kálẹ̀ pa ènìyàn débi pé ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n fi fọ́n oògùn sórí ìlú.

Tí ìkìlọ̀ òtútù bá jáde, ẹ pa sprinkler pátápátá, ẹ tú omi inú backflow preventer dànù, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e. Ọ̀pọ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ lára òtútù ńlá February 2021, owó ńlá ló fi kọ́ ọ. Omi tó bá fọ́n sí ojú títì lóru òtútù á di yìnyín, ẹni tó bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lè kán ìbàdí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fífi compressor fẹ́ omi kúrò nínú páìpù, mo bẹ̀ yín, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún. Páìpù PVC kò gbọ́dọ̀ gbà ju 80 psi, èyí tó rọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 50, compressor inú gáréèjì yín sì lè kọjá méjèèjì dáadáa. Orí tí afẹ́fẹ́ bá ti yọ á ta bí ọta, ó sì lè bá ojú ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ pe 811 ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á wá sàmì síbi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà kọjá.

Tí omi inú ilé bá sì yí àwọ̀ padà lójijì tàbí tó ń rùn oògùn, pàápàá lẹ́yìn tí páìpù bẹ́ ládùúgbò, ẹ má mu ún, ẹ má fi po oúnjẹ ọmọ. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa sè é kó tó hó: iná lè pa kòkòrò àrùn, kò lè yọ ajílẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò kúrò. Ẹ pe iléeṣẹ́ omi ìlú yín lọ́gán, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò.