Ṣé Kí N Kúrò Lórí Windows?

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mi ń lo Windows 10. Ọ̀rẹ́ mi ní Òkukù ti bọ́ sí Linux, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìnísà sì lọ ra Mac. Kí ló ń lé wọn kiri? Ṣé kí n tẹ̀ lé wọn?
Olùkọ́ kan, Ìkìrun

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Olùkọ́ wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows; ẹ̀rọ tó ti dàgbà sì lè gbé e. Ní ti Mac, bátìrì tó ń pẹ́ ló ń fa àwa tí iná kì í dúró fún mọ́ra. (Owó rẹ̀ ni kò ṣeé fẹnu sọ.)

Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín gbé Ubuntu, irú Linux kan, sórí fláàṣì, kí ẹ fi tan ẹ̀rọ náà, ẹ ó lè dán an wò láìfọwọ́ kan Windows. Ẹ ṣí ìbéèrè ìdánwò tí ẹ fi Word tẹ̀: LibreOffice, tó ń ṣiṣẹ́ bíi Word lórí Linux, á ṣí i, àmọ́ ìlà máàkì lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dáhùn. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn kí ẹ tó gbé Ubuntu wọ inú ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ń gbóná janjan tàbí tí háàdì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ Windows. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kí ó tètè yọ fáìlì yín.