Kí Ni Wọ́n Ń Wá Lọ sí Gúúsù Sudan?

Ìbéèrè: Ṣé ìrìn àjò afẹ́ ni ìjọ òyìnbó ń rìn lọ sí abúlé Gúúsù Sudan?

Ìdáhùn: Rárá o. Láti 1973 ni ẹkùn bíṣọ́ọ̀bù Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń bá ìjọ Áńgílíkà Sudan ṣọ̀rẹ́. Òmìnira Gúúsù Sudan ní 2011 kò sì já okùn ọ̀rẹ́ náà.

Àmọ́ ọ̀nà Gúúsù Sudan le púpọ̀. Bí òjò bá ti dé, ilẹ̀ amọ̀ dúdú á di ẹrẹ̀, táyà mọ́tò á rì wọlé ṣinṣin. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré nìkan ló kù, ìyẹn bí pápá tó máa balẹ̀ sí bá gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kéèyàn lọ.

Bí àwọn àlejò láti Salisbury bá débẹ̀, àwọn àti ìjọ ibẹ̀ ń jọ́sìn pọ̀, wọ́n sì ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wò. Èyí tó wúni lórí jù ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Sudan náà ń lọ kí Salisbury. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lọ sí Gúúsù Sudan, kó kọ́kọ́ bi àlùfáà ibẹ̀ léèrè ohun tí ìjọ rẹ̀ nílò.