Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń jó

"Ó ti jó" ló máa ń yá wa lẹ́nu bí ẹ̀rọ iná bá kọṣẹ́. Fáànù kò yí, ó ti jó. Bùlẹ́ńdà kò lọ ata mọ́, ó ti jó. Pírínńtà dákẹ́, òun náà ti jó. Ó ń dùn mí, pàápàá tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń tú ẹ̀rọ àlòpatì láti yọ mọ́tò kékeré inú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá mọ́tò mu ló ń jẹ́ ká mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Kọ́ìlì ló ń jó. Yóò dúdú, yóò sì máa rùn. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ má tíì dá ẹjọ́ ikú fún un. Mọ́tò fáànù tó wọ́pọ̀ nílé wa kò ní òòfà, kò sì ní kábọ̀n; ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀, yóò yí geere. Nígbà mìíràn, a ó tan iná sí i, kò ní yí, àmọ́ bí a bá fi igi ti bíléèdì rẹ̀ díẹ̀, yóò gbéra. Ìyẹn kò jó, ó ń kùn ni. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ o, kì í ṣe "kún" ti omi inú korobá. Kapásítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ti bùlẹ́ńdà àti dírílì ni "jẹ", bí táyà ṣe ń jẹ. Kábọ̀n méjì ló ń ha bàbà tó ń yí láàárín rẹ̀, ibẹ̀ ni iná sì ti ń ta pàrà. Mọ́tò ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé náà ní ohun tó ń ha bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òòfà wà nínú tirẹ̀: ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì lórí bátìrì, yóò yí sí òdìkejì.

"Há" la máa ń ṣì lò jù. Ohun tó há kò yí rárá, bóyá nítorí ìpẹtà tàbí òróró tó ti gbẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ mọ́tò tó ń fa bébà nínú pírínńtà á fọwọ́ yí i, á gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́ lábẹ́ ìka, á ní ó ti há, á sì jù ú nù. Òfò gidi ni! Òòfà ló ń fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú irú rẹ̀ ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní mọ́tò agbésẹ̀. Wáyà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń ní. Ẹ so wáyà méjì tó jẹ́ ti kọ́ìlì kan náà pọ̀, ọ̀pá rẹ̀ yóò le sí i lọ́wọ́ yín. Ẹ tú wọn, yóò tún dẹ̀.