Àwòrán Kò Sọnù, Orúkọ Rẹ̀ Ni: Ohun Tí Mo Kọ́ Lórí Ìkànnì Kúta

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kúta, lẹ́bàá Ìwó, ní kí n bá àwọn to àwòrán sórí ìkànnì ìlú. Mo ya ọjà, mo ya ojú ọ̀nà tó wọ ìlú, mo sì ya ìyá àgbà kan tó ń rànwú. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí, nítorí náà mo fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Mo kó wọn sórí WordPress, mo sì lo plugin kan tó máa ń tún orúkọ àwòrán kọ.

Nígbà tí mo padà wo ìkànnì náà, àpótí òfìfo ló wà níbi tí àwòrán yẹ kó wà. Plugin ní fáìlì ọjà kò sí, bẹ́ẹ̀ mo ń fojú ara mi rí i nínú fódà. Èyí tó burú jù ni pé àwòrán ìyá àgbà ti di ojú ọ̀nà. Mo sì ti pa gbogbo wọn rẹ́ lórí fóònù mi kí àyè lè wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní: lẹ́tà kan, ọ̀nà méjì

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ ojú lẹ́tà. Nínú Unicode, a lè fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ ọ (U+1ECD). A sì tún lè kọ o lásán, kí àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) tẹ̀lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú sáfà Linux, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí fáìlì bá wà lọ́nà kìíní, tí plugin ń wá a lọ́nà kejì, yóò ní kò sí.

Ẹ ṣe àdàkọ àdírẹ́sì àwòrán náà láti inú búráúsà, kí ẹ wò ó. Ọ̀nà kìíní yóò kọ ọjà báyìí: %E1%BB%8Dj%C3%A0. Ọ̀nà kejì yóò kọ ọ́ báyìí: o%CC%A3ja%CC%80. Ní Python, unicodedata.normalize("NFC", oruko) yóò sọ wọ́n di ọ̀kan. Síbẹ̀, ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ó kéré tán, méjì ni yóò máa jẹ́.

Èkejì: ọ̀rọ̀ mẹ́ta, orúkọ kan

Ara àwọn ìlú Òwu ni Kúta, torí náà mo pe àwòrán ojú ọ̀nà ní Òwu.jpg. Mo pe ti ìyá àgbà ní òwú.jpg. Plugin yọ àmì kúrò, ó sì sọ lẹ́tà ńlá di kékeré: àwọn méjèèjì di owu.jpg. Ìkejì gorí èkíní, ó sì pa á rẹ́. Ká ní mo ní àwòrán owú jíjẹ ni, ibẹ̀ náà ni ì bá bọ́ sí.

Ẹ̀kẹta: ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ náà

WordPress máa ń gé àwòrán kan sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, irú bíi 150x150, ó sì ń kọ ìwọ̀n náà mọ́ orúkọ fáìlì. Orúkọ yẹn tún wà nínú dátábéèsì, ó sì wà nínú àpilẹ̀kọ tí àwòrán ti hàn. Bí a bá yí i padà níbì kan ṣoṣo, àwọn yòókù yóò máa pe ẹni tó ti kó kúrò nílé. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú dátábéèsì, torí WordPress máa ń ka gígùn àwọn ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Àṣẹ wp search-replace mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fi --dry-run dán an wò.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí

1. Mo ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì àti dátábéèsì síbòmíràn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.
2. Mo ń tún orúkọ kọ kí n tó gbé àwòrán sókè: lẹ́tà kékeré, láìsí àmì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì: owu-kuta-oju-ona.jpg, iya-to-n-ranwu.jpg.
3. Bí àwòrán bá ti wà lórí ìkànnì, ẹyọ kan ni mo fi ń dán plugin wò. Mo ń ṣí ojúewé tó wà kí n tó fọwọ́ sí ìyókù.
4. Mo ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀ pérépéré sí àkọlé àti sí alt text. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń kà á, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ tó ń ka ojúewé fún afọ́jú ti ń mú un.

Ó kọ́kọ́ dùn mí láti yọ àmì kúrò lára orúkọ fáìlì, bí ẹni pé mo ta èdè mi. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé ni orúkọ fáìlì. Àkọlé ni orúkọ tí a ń pe onílé.

Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi tí mo ti fi àwòrán ìyá àgbà ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Ó dá a padà fún mi. Kò mọ́ kedere tó ti tẹ́lẹ̀, torí WhatsApp ti dín in kù, ṣùgbọ́n ìyá wà níbẹ̀, òwú sì wà lọ́wọ́ wọn.