Bátìrì Tí Kò Gbẹrù

“Bátìrì ọkọ̀ náà kò gbẹrù.” Ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan nílẹ̀ Ìdáàṣà, ìlú olókè 41 ní Bẹ̀nẹ̀, ni gbólóhùn yìí ti jáde. Ó ń ṣàlàyé ohun tó dá àgbà ọkọ̀ Berliet kan dúró lójú títì Kùtọ̀nú sí Parakou. Ọ̀rọ̀ náà há èèyàn létí bí eegun ẹja ṣe ń há ọ̀fun. Ta ló ń di iṣu sínú bátìrì?

Èdè Faransé ló tì í débẹ̀. Bí wọ́n bá ń kó iṣu sọ́kọ̀, charger ni; bí iná bá ń wọ bátìrì, charger náà ni.

Ohun tó wá ń pani lẹ́rìn-ín ni pé ìtàn ọ̀rọ̀ náà gbè é lẹ́yìn. Carrus làwọn ará Róòmù ń pe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Ara rẹ̀ ni Faransé ti rí charger, èyí tó jẹ́ kíkó ẹrù sí kẹ̀kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Faransé, àwa náà yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ṣáàjì. Kó tó dé Ìbàdàn, ẹrù ti bọ́ lórí rẹ̀. Iná àti owó ló kù. Rẹ́wáyà tó ń báni ṣáàjì bátìrì lè ṣáàjì èèyàn lówó tó pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì.

Àwọn tó kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò ní ká máa wí pé bátìrì ń gba iná. Ó dára, bí ẹnu bá lè ní sùúrù. Kì í ní in: gba iná a di gbaná, ẹlòmíì a pè é ní gbiná, awakọ̀ a sì bẹ́ sílẹ̀, a máa wá omi kiri.

Iná fúnra rẹ̀ tún ń da ọ̀rọ̀ rú. Dáínámò ló ń fi iná sínú bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kí wọ́n tó fi alternator rọ́pò rẹ̀. Bátìrì méjì tó para pọ̀ jẹ́ volt 24 a máa fi nǹkan bíi 25 hàn bí ẹ́ńjìnnì bá sinmi. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó gòkè dé nǹkan bíi 28. Bí kò bá gòkè, bẹ́ẹ̀tì tó dẹ̀, kábọ̀n tó ti jẹ tán tàbí wáyà tó dípẹtà ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ gílóòbù pupa kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ni iná díẹ̀ tó ń jí alternator ń gbà kọjá. Bí gílóòbù bá ti jó, alternator lè máa yí lásán. Iná kò tàn, nítorí náà iná kò wọlé: Yorùbá tó tọ́ ni, àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ kan, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀.

“Kò ṣáàjì” ni wọ́n ń sọ ní gáréèjì láti Èkó dé Ṣakí, ọmọṣẹ́ á sì mọ ibi tí yóò nawọ́ sí. Ẹni tó ń kọ ìwé ìdánwò lè rọ̀ mọ́ gba iná, kó sáà kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbẹrù nìkan ni kò tíì rí ààyè wọlé, bí Róòmù tilẹ̀ jẹ́rìí sí i.