Bí Skyliner Bá Dúró Lókè: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Ìyẹn

Oríṣiríṣi ọkọ̀ ló ń gbé àlejò káàkiri Walt Disney World nítòsí Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida: bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi, àti mónórélì tó ti wà níbẹ̀ láti 1971. Skyliner náà wà níbẹ̀, ó sì ń já àwọn ènìyàn kan láyà. Ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n so rọ̀ mọ́ wáyà lókè, 10 ènìyàn ló sì lè jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2019 ni wọ́n ṣí i. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dúró gbagidi: ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, àwọn èrò kan wà lókè fún bíi wákàtí 3. Síbẹ̀, ọkọ̀ kankan kò já bọ́. Ìdúró ló yẹ ká múra sílẹ̀ fún, kì í ṣe ìṣubú.

Ẹ ṢE

• Ẹ mọ ohun tó ń dá a dúró. Wáyà kan náà ló ń fa gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kan. Bí ẹnì kan ní ibùdókọ̀ bá nílò àkókò díẹ̀ sí i láti wọlé, òṣìṣẹ́ lè dá ẹ̀rọ dúró, gbogbo yín yóò sì dúró pọ̀. Irú èyí kì í pẹ́.

• Ẹ ṣọ́ ojú ọjọ́. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, òjò àti àrá sábà máa ń dé lọ́sàn-án ní Florida. Bí mànàmáná tàbí ìjì bá sún mọ́, wọ́n máa ń dá iṣẹ́ dúró. Òwúrọ̀ ló sàn jù láti wọ̀ ọ́.

• Ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọlé, àgbà àti ọmọdé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sì sí ilé ìtọ̀ lókè.

• Ẹ mú omi, abẹ̀bẹ̀ àti fóònù tí iná kún inú rẹ̀ dáni. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọkọ̀ yìí. Atẹ́gùn tó ń gba ojú ihò wọlé bó ṣe ń rìn ló ń tuni lára, nítorí náà ooru máa ń mú bó bá dúró.

• Ẹ fi ọ̀nà kúkúrú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ EPCOT ló gùn jù. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tó ti hòtẹ́ẹ̀lì Caribbean Beach lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Hollywood Studios.

• Bí àyà bá ń já, ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mí síta pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjayà òjijì sábà máa ń dé góńgó láàárín bíi ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

• Ẹ mọ ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi wà láàárín EPCOT àti Hollywood Studios, ẹsẹ̀ náà sì lè gbé yín débẹ̀. Ẹni tí mónórélì ń bà lẹ́rù lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ Magic Kingdom, tàbí kó fẹsẹ̀ rìn láti hòtẹ́ẹ̀lì Contemporary.

Ẹ MÁ ṢE

• Ẹ má fi agbára ṣí ilẹ̀kùn. Inú ọkọ̀ ni ibi tó dáa jù fún yín títí òṣìṣẹ́ yóò fi dé.

• Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fo sókè tàbí kí wọ́n máa mi ọkọ̀ jìgìjìgì.

• Ẹ má fi ọtí wá ìgboyà. Ọtí pọ̀ ní EPCOT, àmọ́ ìtọ̀ ló ń bí, òùngbẹ ló sì ń fà. Ẹni tó bá mu ún tán tó há sókè ti fi ìyà kún ìyà.

• Ẹ má wo fídíò àwọn tó há sókè ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọ Skyliner. Kò ní kọ́ yín ní ohunkóhun, oorun ló máa gbà lójú yín.

• Ẹ má fi ẹni tẹ́rù ń bà ṣe yẹ̀yẹ́. “Ṣé ọkùnrin nìyí?” kò wo ìjayà sàn rí. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn.

• Ẹ má fi ipá mú ara yín bí ooru bá máa ń dá àìsàn yín sílẹ̀, bí ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rìnrìn àjò.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọkàn yín kò sì gbà á, ẹ má tijú rárá. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì Disney, ilẹ̀ ló sì ń rìn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ibi tí Skyliner ń lọ ni òun náà máa ń lọ.